Ẹni Tí Òkun Gbé Lọ Nígbà Ogun: Bí A Ṣe Lè Wá Ìtàn Rẹ̀ Rí

  

Àwọn àgbà sọ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ṣùgbọ́n nígbà ogun ńlá méjèèjì tí ó kárí ayé, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Jámánì, láti 1914 dé 1918, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Ogun Hitler, láti 1939 dé 1945, òkun hó, àwọn ọmọ wa sì wà á. Wọn kì í ṣe sójà. Wọn kò gbé ìbọn. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n bá lọ: ẹlòmíràn ń da èédú sínú iná ẹ̀rọ ọkọ̀, ẹlòmíràn ń se oúnjẹ, ẹlòmíràn ń tọ́jú yàrá àwọn èrò. Owó tí a ń san fún àwọn tí a gbà síṣẹ́ ní Èkó àti ní Freetown kéré sí ti òyìnbó tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Síbẹ̀, tọ́pídò kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, wọn kò sì padà wálé mọ́.

Ìwé méjì ni mo rí gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó yẹ kí n dá àwọn méjèèjì lóhùn pọ̀. Èkíní wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Bàbá ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ọkọ̀ òkun. Láti ìgbà Ogun Hitler ni a kò ti gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró dè é títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tí ó ń dun ìyá aláṣọ yìí jù ni pé, nígbàkígbà tí ìjà bá dé nínú ẹbí, wọn a ní, "Ẹ̀yin tí bàbá yín sá fi sílẹ̀, tí ó lọ fẹ́ òyìnbó ní Liverpool!" Ìwé kejì wá láti ọ̀dọ̀ tíṣà kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ ẹbí wọn. Àwọn kan wá ń jiyàn pé ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó wà láàyè, a kò gbọdọ̀ pín ohun tí ó tọ́ sí i fún àwọn ọmọ rẹ̀. Atukọ̀ sì ni ẹni tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ yín kò kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ó fi tọ́ kí ènìyàn ṣe wàhálà lórí òkú ọjọ́ pípẹ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀, tí a kò sì lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni àwọn tí ó wà níbẹ̀ máa ń gé, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sílé. Ìyẹn ni àwọn ará ilé yóò fi ṣe ìsìnkú fún un. Báyìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń parí, tí opó ń mọ̀ pé opó ni òun, tí ọmọ sì ń mọ̀ pé òun kò ní bàbá mọ́. Ẹni tí òkun gbé lọ kò fi irun sílẹ̀, kò sì fi èékánná sílẹ̀. Ohun tí ó kù nípa rẹ̀ ni àkọsílẹ̀: orúkọ rẹ̀, orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ náà rì, àti ibi tí ó rì sí. Ohun mẹ́rin yìí ni irun àti èékánná rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí wọn ti rí ohun tí a lè gbé wálé.

ILÉ NI KÍ Ẹ TI BẸ̀RẸ̀

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí. Wọn a kọ orúkọ bàbá wọn bí a ti ń pè é nílé, wọn a sì gba èsì pé a kò rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Wọn a wá rò pé òyìnbó ti sọ ìwé nù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n akọ̀wé ọkọ̀ kò wo ilé ẹnì kankan. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni kálàmù rẹ̀ ń kọ. Ó ti pẹ́ tí irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo àwọn Kúrúù, àwọn ará etí òkun Làìbéríà àti Freetown tí wọ́n jẹ́ ògbólógbòó nínú iṣẹ́ ọkọ̀. Jack àti Tom ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n, wọ́n tilẹ̀ kọ àwọn mìíràn sílẹ̀ ní Bottle of Beer, èyí tí í ṣe ìgò ọtí bíà! Ẹ rò ó wò, ẹni tí ó ní bàbá tí ó ní ìyá, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgò ọtí.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé ìkọ̀wé kan lọ́wọ́, kí ẹ sì tọ àwọn àgbà ilé lọ. Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ má sì dúró lórí ẹyọ kan. Ẹ kọ orúkọ àbísọ rẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá bí ó bá ní, oríkì rẹ̀, orúkọ ìrìbọmi tàbí èyí tí Lèmọ́mù sọ ọ́, orúkọ bàbá rẹ̀, àti ìnagijẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní èbúté. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ẹnu òyìnbó pè wọ́n wò. Bí ó bá jẹ́ Ògúnbíyìí, ẹ wá a ní Ogunbiyi, ẹ wá a ní Ogunbi, ẹ sì wá a ní Gunby. Bí ó bá jẹ́ Sùnmọ́nù, ẹ wá a ní Sumonu, kí ẹ sì wo Simon pẹ̀lú. Bí ìwé bá sọ pé Lagos ni a bí i, kí ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé kì í ṣe òun. Ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ẹ̀gbá tí ó wọ ọkọ̀ ní Èkó lè di ará Èkó lójú akọ̀wé.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ béèrè orúkọ ọkọ̀. Àwọn àgbà lè gbàgbé ọdún, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gbàgbé orúkọ ọkọ̀, nítorí pé bí ọkọ̀ bá dé Èkó nígbà náà, gbogbo Marina ni yóò mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ béèrè àkókò. Ẹ má béèrè ọdún lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọdún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ṣé ó ti lọ kí Ogun Àdùbí ti 1918 tó jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni? Ṣé ó ti lọ kí ìjọba tó lé Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó ní 1925, tàbí ìgbà tí ọba náà padà dé ní 1931? Ṣé a ti ń retí rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta báyìí á mú yín súnmọ́ ọdún náà gan-an.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ ṣí àpótí. Àwọn atukọ̀ máa ń ní ìwé pélébé kan tí a ń kọ orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, àti bí ìwà wọn ti rí. Bí ó bá fi ti àtijọ́ sílẹ̀ nílé kí ó tó lọ ní ìrìn ìkẹyìn, wúrà ni lọ́wọ́ yín. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò, orúkọ ìlú àti ti ayàwòrán lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí mẹ́dàlì Ogun Jámánì, ẹ yí etí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ orúkọ ẹni tí ó ni í sí etí rẹ̀ yíká. Ti Ogun Hitler kò ní orúkọ lára. Bákan náà, lẹ́yìn Ogun Jámánì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ẹbí ẹni tí ó kú ní àwo idẹ roboto kan, tí àwòrán obìnrin kan àti kìnnìún wà lára rẹ̀, tí orúkọ òkú náà sì yọ gedegbe síta. Wọ́n fún ẹbí àwọn atukọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra idẹ àlòkù, bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka orúkọ ara rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lé òṣùwọ̀n.

ỌKỌ̀ MÉJÌ, ORÚKỌ KAN

Ní ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná Liverpool àti Èkó ní ọjọ́ náà, tí kò sì sí mọ́ lónìí, fẹ́ràn láti máa fi orúkọ ìlú wa sọ ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá rì, wọn a kan òmíràn, wọn a sì tún fún un ní orúkọ ti àkọ́kọ́.

Ẹ wo ọkọ̀ Apapa. Ọ̀kan wà tí àwọn ará Jámánì fi tọ́pídò rì ní etí òkun Wales ní ọjọ́ 28 oṣù November 1917, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé Liverpool. Òmíràn tún wà, tí ọkọ̀ òfúrufú Jámánì ju bọ́ǹbù lù ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland ní ọjọ́ 15 oṣù November 1940, nígbà tí ó ń ti Èkó àti Freetown bọ̀. Oṣù kan náà, orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ọdún 23 ló wà láàárín wọn!

Ẹ tún wo ọkọ̀ Abosso. Wọ́n rì ọ̀kan ní oṣù April 1917. Èkejì, tí wọ́n kàn ní 1935, ń dá nìkan bọ̀ láti Cape Town lọ sí Liverpool, láìsí ọkọ̀ ogun tí ń ṣọ́ ọ, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí ń jẹ́ U-575 pàdé rẹ̀ ní òkè àwọn erékùsù Azores ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù October 1942. Ènìyàn 393 ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn 362 kú. Ènìyàn 31 péré, tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ kékeré kan, ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí kó lẹ́yìn náà. Bí àgbà ilé yín bá ní, "Abosso ni ó bá lọ," ẹ kò tíì dé ibìkan, àfi bí ẹ bá mọ èwo nínú ogun méjèèjì ni.

Ẹ má sì rò pé òkun ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni wọ́n kú sí. Freetown ni àwọn ọkọ̀ ti máa ń péjọ kí wọ́n tó jọ gbéra lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Jámánì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kó ọkọ̀ abẹ́ omi wá sí àgbègbè náà ní 1941. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rì ọkọ̀ Adda ní ọjọ́ 8 oṣù June ọdún náà. Wọ́n tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní ìparí oṣù May 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi U-69 yọ́ wá sí Èkó, ó sì da bọ́ǹbù sínú omi níbi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ní ọjọ́ 4 oṣù June, ọkọ̀ Robert Hughes, tí ń wa yanrìn kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀, kọlu ọ̀kan nínú wọn, ó sì rì. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé iṣẹ́ inú èbúté Èkó ni bàbá yín ń ṣe, pé kò rìn jìnnà, ẹ má tìtorí rẹ̀ sọ pé ogun kò lè pa á.

IBI TÍ ÌWÉ WÀ

Nígbà tí ẹ bá ti ní orúkọ, ọkọ̀ àti àkókò, ẹ ti tó lọ sí òkè òkun, ẹ kò sì nílò pàsípọ̀ọ̀tù. Ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò lè jókòó tì yín.

Àkọ́kọ́ ni àjọ tí ń bójú tó ibojì àti orúkọ àwọn tí ogun pa, Commonwealth War Graves Commission, tí a dá sílẹ̀ ní 1917. Wíwá orúkọ nínú ìwé wọn kò gba kọ́bọ̀. Àwọn atukọ̀ tí kò ní ibojì bí kò ṣe òkun, orúkọ wọn wà lára ògiri ìrántí ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí 12,000 orúkọ ni ti Ogun Jámánì, tí wọ́n ṣí ní 1928, nǹkan bí 24,000 sì ni ti Ogun Hitler, tí wọ́n ṣí ní 1955. Orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n fi to orúkọ àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ yóò ka ògiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tí ìjọba gbà fún iṣẹ́ ogun ni ó wà, ẹ wo ọwọ̀n ìrántí ti Liverpool pẹ̀lú, èyí tí ó ní nǹkan bí 1,400 orúkọ irú àwọn atukọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, The National Archives, ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti Ogun Hitler wà níbẹ̀ lábẹ́ àmì BT 381. Ẹ ó nílò nọ́ńbà ìjọba tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, èyí tí ẹ lè rí nínú ìwé Lloyd's Register tí ń to orúkọ àwọn ọkọ̀ lọ́dọọdún. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti ń rí ọjọ́ orí rẹ̀, ìlú tí a bí i, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ọkọ̀ tí ó wà tẹ́lẹ̀, àti lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ní kí a ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe òun. Ibi tí ọkàn mi ń lọ jù nìyẹn. Ọkùnrin tí ó sá fún aya rẹ̀ kò jẹ́ kọ orúkọ aya náà sílẹ̀ pé òun ni kí a sọ fún bí òun bá kú. Lábẹ́ àmì BT 334 ni ìwé ikú àwọn tí ó kú sórí òkun wà. Wíwo àkójọ orúkọ àwọn ìwé náà kò gba owó, ṣùgbọ́n ẹ ó san owó bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́.

Ní ti Ogun Jámánì, ìwé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti ọdún 1915 wà ní National Maritime Museum ní Greenwich, àwọn olùyọ̀ǹda sì ti dà á kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti àwọn ọdún yòókù wà ní Maritime History Archive ti Memorial University ní Newfoundland, ilẹ̀ Kánádà. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ìwé ọmọ Èkó wà ní Kánádà. Nígbà tí àyè kò gba ìwé mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n kó o lọ.

Nílé níbí, ẹ má gbàgbé ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wa tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti 1954. Ẹ tún wo ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí orúkọ òyìnbó tí ó mú wọ ọkọ̀.

BÍ Ẹ KÒ BÁ RÍ ORÚKỌ RẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ má sọ̀rètí nù. Ní oṣù April 1921 kọ́, ní oṣù April 2021 ni àjọ ibojì ogun náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, ènìyàn 116,000, ó sì lè tó 350,000, tí ó kú nínú Ogun Jámánì ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kan, tàbí tí a kò tilẹ̀ rántí rárá. Àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àjọ náà sì ń gba ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá lè fi hàn pé ogun pa ènìyàn rẹ̀, kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ kún un. Ẹnu nìkan kò tó. Ìwé ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ má fi àpótí ṣeré.

Ẹ tún mọ̀ pé ariwo ọkọ̀ lè bo ti atukọ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ Mendi, tí Elder Dempster kàn fún ọ̀nà Áfíríkà wa yìí, kó àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ti South Africa lọ sí ilẹ̀ Faransé nígbà tí ọkọ̀ mìíràn kọlù ú nínú kùrukùru ní ọjọ́ 21 oṣù February 1917. Ó lé ní 600 ènìyàn tí ó kú. Gbogbo ayé mọ̀ nípa àwọn ará South Africa náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 30 nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà bá a lọ, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Ta ni ń dárúkọ wọn? Àwọn ọmọ wọn nìkan ni ó kù láti ṣe é.

ÌKÌLỌ̀ MÉJÌ

Àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀. Bí ìròyìn bá ti tàn pé ẹ ń wá bàbá yín, ẹnì kan lè wá sọ pé owó ńlá wà fún un ní báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù, pé kí ẹ san owó díẹ̀ kí òun lè bá yín gbà á. Ẹ lé e síta. Ohun tí ẹ ń wá ni òtítọ́. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó kò wá ire yín.

Èkejì, ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀. Ìwé kì í ṣe ojúsàájú. Ó lè sọ fún yín pé bàbá yín kò kú sínú omi, pé ó sọ̀kalẹ̀ ní Liverpool tàbí ní Cardiff, ó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbéyàwó, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ náà kò ṣẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n, ó sì lè jẹ́ pé àwọn náà ti ń wá yín láti ọjọ́ yìí.

ÈSÌ MI SÍ ÌWÉ MÉJÈÈJÌ

Ìyá wa aláṣọ, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ títí ẹ ó fi rí ìwé. Bí ẹ bá rí orúkọ bàbá yín lára ọkọ̀ tí ó rì, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ kó ẹbí jọ, kí ẹ sì kà á sí wọn létí. Ẹ ka ọjọ́ rẹ̀, ẹ ka ibi tí ó rì sí. Ẹni tí a ti ń pè ní asánlọ láti ọjọ́ yìí, ẹnu iṣẹ́ ni ó kú sí, nítorí oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú oórì ìyá yín àgbà, kí ẹ sọ fún un pé kò dúró lásán.

Tíṣà wa, Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún méje lọ́dọ̀ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀, a ó kà á sí ẹni tí ó ti kú, àyàfi bí ìdí mìíràn bá wà fún àìgbúròó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ọjọ́ tí ó kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ dárúkọ ọjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìwé ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì fún yín. Ẹ gbé e tọ agbẹjọ́rò lọ kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà àárín ọmọ ìyá.

Ní ìparí, gbogbo ẹ̀yin tí irú ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ yára. Ìwé Lọ́ńdọ̀nù àti ti Kánádà yóò dúró dè yín, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò lè dúró. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Abosso rì ní 1942 ti kọjá àádọ́rùn-ún ọdún. Òun ni ó mọ ìnagijẹ, òun ni ó mọ orúkọ ọkọ̀, òun nìkan ni ó sì rántí aṣọ tí bàbá wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó lọ sí èbúté. Bí òun náà bá lọ, ìwé yóò wà, ṣùgbọ́n a kò ní mọ èwo nínú orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni tiwa. Lọ́jọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ jókòó ti àgbà kan nínú ilé yín. Ẹ bi í léèrè orúkọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.